Fakriya Aláàrò àti Ọ̀rọ̀ Tí Mínísítà Kò Rántí

Bí ẹ bá fẹ́ dá Fakriya ọmọ Lafta mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún obìnrin tó fi aṣọ dúdú bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ wò. Láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, irun kan kò hù níbẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ló ti ń ki apá náà bọ inú ààrò amọ̀, tó ń lẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ mọ́ ògiri rẹ̀, tí iná ń lá a títí tí ó fi sú iná fúnra rẹ̀. Kò sí búrẹ́dì kan tó lẹ̀ mọ́ ààrò yẹn láìgbọ́ Bisimilái. Ó ní búrẹ́dì tí kò bá gbọ́ Bisimilái, inú iná ló ń já sí, bíi ti ọmọ Ádámọ̀ náà.

Gbogbo Dubaysa ló ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ìlú kékeré ni, ní gúúsù Iraaki, níbi tí odò Tigirisi ti ń fọ́n ká sínú irà àti esùsú. Àwọn ọmọ Fandi, ìdílé Fakriya, wà lápá ìhín afárá. Àwọn ọmọ Shuwayt wà lápá ọ̀hún. Wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń bú ara wọn, ojú kan náà ni wọ́n sì ti ń ra búrẹ́dì. Nígbà tí òṣèlú dé, tí àwọn Shuwayt gba ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, tí àwọn Fandi gba ẹgbẹ́ Àtúnṣe, Fakriya ò gbé ààrò rẹ̀ kúrò lójú kan. "Ikùn ò ní káàdì ẹgbẹ́," ló máa ń wí.

Ogun ọlọ́dún mẹ́jọ ló pa ọkọ rẹ̀ nígbà tí oyún Mizhir wà nínú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó fi búrẹ́dì tọ́ Mizhir, ó fi búrẹ́dì rán an níwèé, ó fi búrẹ́dì fẹ́ Ibtihal fún un. Mizhir di olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ dáadáa ni, ẹnu nìkan ni àbùkù rẹ̀. "Ọpọlọ rẹ̀, Ọlọ́run Ọba ló fi ta á lọ́rẹ," ìyá rẹ̀ á ní. "Ẹnu rẹ̀, ìdílé bàbá rẹ̀ ni kí ẹ lọ bi."

Ẹnu yẹn ló fọ́ ìlú lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin pe mínísítà omi wá sí Bagidadi kó wá rojọ́ níwájú wọn. Ọmọ Dubaysa ni mínísítà yìí, ọmọ Shuwayt pọ́ńbélé. Ọdún yẹn ni odò fà sẹ́yìn débi pé a lè fẹsẹ̀ rìn dé àárín rẹ̀, tí ẹfọ̀n ń kú sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ti ra ẹ̀rọ afami méjìlá fún Dubaysa. Dubaysa ò rí ọ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fakriya gbé àwo búrẹ́dì lọ sí ilé tíì tó wà lẹ́nu afárá, bó ti máa ń ṣe. Obìnrin kì í wọlé tíì, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Inú ilé kún fọ́fọ́. Ìmọ́lẹ̀ jókòó lápá kan, Àtúnṣe lápá kejì, tẹlifíṣọ̀n wà láàárín wọn bí adájọ́ tí kò ní láárí. Dókítà Nizar, aṣòfin ẹgbẹ́ Àtúnṣe, ló ń bi mínísítà ní ìbéèrè.

"Ẹ̀rọ afami méjìlá, Ọlọ́lá jùlọ. Níbo ló wà?"

"Mi ò rántí," ni mínísítà wí.

"Ta ló buwọ́ lùwé?"

"Mi ò rántí."

"Mẹ́tàdínlógún!" Mizhir kígbe láti ibi tó jókòó sí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń fa ìlà kan sára tábìlì onítábìlì fún "mi ò rántí" kọ̀ọ̀kan.

Gadban yíjú sí i. Ọmọ Nashmiya ni Gadban, mínísítà sì ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí. Géńdé ni, ó ń wa ọkọ̀ epo, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Búrẹ́dì mẹ́wàá ló máa ń rà láràárọ̀. "Tíṣà," ó ní, "ṣé kíláàsì rẹ nìyí? Jókòó jẹ́ẹ́ o jàre."

"Èmi kọ́ ni kí o bá wí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni kí o so ìwé mọ́ lọ́rùn bí ewúrẹ́, kó má baà ṣìnà ilé lálẹ́ yìí."

Àwọn Àtúnṣe rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu itan. Ẹnìkan láti apá Ìmọ́lẹ̀ dá a padà: "Nizar tiyín ńkọ́? Ẹni tó gbé Lọ́ńdọ̀nù ọdún méjìdínlógún, tó dé ibí tó pe ẹfọ̀n ní màlúù!"

"Ó mọ olè yàtọ̀ sí olóòótọ́ ṣá."

"Ta lẹ pè lólè?" Gadban ti dìde. "Aláìsàn ni bàbá náà! Ó ti ń lo oògùn!"

"Oògùn ìgbàgbé?" ni Mizhir wí. Fakriya rí i lójú ọmọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀. Ó ti mọ ojú yẹn láti kékeré. Ó pè é: "Mizhir!" Ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́ obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ilé tíì? "Inú ẹ̀jẹ̀ ni ìgbàgbé yìí wà," ni Mizhir wí. "Bóyá ìyá tó bí i náà ò rántí ọkùnrin tó fún un lóyún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn Àtúnṣe pàápàá wolẹ̀. Ìyá mínísítà ni ìyá Nashmiya. Ìyá àgbà Gadban nìyẹn, obìnrin tó ti kú, tó lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì.

Gadban fẹsẹ̀ gbá tábìlì dànù, ó sì kan Mizhir lẹ́ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu. Ehín méjì fò jáde. Mizhir ṣubú lé àga, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú, ife gíláàsì tí wọ́n fi ń mu tíì ló bà. Ó fọ́ ọ mọ́ etí tábìlì, ó sì gbé e lu ojú Gadban pẹ̀lú gbogbo agbára. Igbe tí Gadban ké, Fakriya ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àní nígbà ogun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara rẹ̀: àga lórí, ìkòkò tíì gbígbóná láyà, ọ̀bẹ ṣúgà lẹ́yìn ọrùn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, mínísítà ṣì ń sọ pé òun ò rántí.

Fakriya ju àwo búrẹ́dì sílẹ̀, ó wọlé, ó fa ọmọ rẹ̀ ní kọ́là bí ẹni fa ewúrẹ́ jáde nínú oko olóko.

"Mama, òun ló kọ́kọ́..."

"Pa ẹnu yẹn dé! Kó tó pa wá tán!"

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tì í sínú ọkọ̀ ọpọ́n, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń sin ẹfọ̀n nínú irà, láàárín esùsú tó ga ju ọkùnrin méjì lọ. Ìròyìn dé láti ilé ìwòsàn: dókítà ti yọ ojú òsì Gadban.

Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló mọ ohun tó kàn. Bí ìdílé kan bá ń bínú sí ìdílé kejì, wọn kì í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á wá sí ilé rẹ, wọ́n á da ọta bò ó, ìkìlọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a ó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ bá ṣẹ́kù.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé. Fakriya ti kí àsùbáà, ó ti dáná sí ààrò, ìyẹ̀fun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta dúró lójú pópó, àwọn ọkùnrin dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n fi ìborùn wé ojú. Wíwé lásán ni. Bàtà ẹsẹ̀ wọn nìkan tó láti fi mọ ọmọ ta ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ké sí i: "Ìyá Mizhir! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú bolẹ̀! A fẹ́ yìnbọn!"

"Ìyẹ̀fun mi ńkọ́?" ni Fakriya dáhùn kó tó ronú.

"Ẹ gbé e mọ́ra, Ìyá! Ẹ ṣáà dojú bolẹ̀!"

Ó dojú bolẹ̀. Ìbọn sọ̀rọ̀. Ògiri ń bú jáde lókè orí rẹ̀, fèrèsé wó, ààrò amọ̀ là sí méjì, ẹ̀yinná sì dà sí i lẹ́yìn. Ẹfọ̀n rẹ̀ kan ṣoṣo, tó fi ń fún wàrà, kígbe bí ènìyàn, ó kúnlẹ̀, ó ṣubú lé okùn rẹ̀. Nínú ilé, Ibtihal ní kóun sáré lọ gbé Kùránì kúrò lórí fèrèsé. Ọta kan gba itan rẹ̀ kọjá. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n mú ọ̀dà pupa, wọ́n kọ ọ́ sára ohun tó kù nínú ògiri: Ẹ̀JẸ̀ MIZHIR DI TI SHUWAYT. Ẹni tó kọ ọ́ tún padà wá fi àmì kan tó gbàgbé sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mizhir ló kọ́ ọ níwèé.

Fakriya fi ìborùn rẹ̀ di itan Ibtihal, ó ń kígbe pe aládùúgbò, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń bú ẹnu ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ojú Gadban. Ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán Gadban pẹ̀lú báńdéèjì kọ́ sí gbogbo òpó iná: WỌ́N FỌ́ OJÚ ÒTÍTỌ́. Àtúnṣe gbé àwòrán ògiri Fakriya kọ́ sí òpó tó tẹ̀ lé e: OHUN TÍ MÍNÍSÍTÀ KÒ FẸ́ RÁNTÍ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò béèrè lọ́wọ́ onílé. Ní Bagidadi, àwọn aṣòfin fi wákàtí mẹ́rin jà lórí bóyá "mi ò rántí" jẹ́ irọ́ tàbí àìsàn. Aṣòfin kan sọ bàtà, èkejì fi gbohùngbohùn gbá a lórí. Dubaysa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kọ́ ọ. Wọ́n fọ́ orí ènìyàn mẹ́ta ní ilé epo. Wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n Fakriya lórí afárá, wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: "Mínísítà parọ́ àbí kò parọ́?" Ọkùnrin náà ní òun ò mọ̀. Wọ́n fi irin ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nítorí pé kò mọ̀.

Fakriya ò bìkítà fún ẹni tó parọ́. Ẹ̀mí ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ń wá. Lórí ẹní ìrun rẹ̀, ó ń fi tẹ̀súbà sọ fún Ọlọ́run pé: "Ìwọ lo ni í. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o máa gbà á lọ́wọ́ mi báyìí, nítorí ẹ̀rọ afami?"

Sayyid Jawad, àrọ́mọdọ́mọ Ànábì, arúgbó tó ń wé láwàní dúdú, tí ìdílé méjèèjì ń fẹnu ko lọ́wọ́, ló lọ bẹ àwọn Shuwayt, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tí ìbọn kò ní dún. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun jímọ̀, àwọn àgbà Fandi yóò lọ sí ilé àlejò àwọn Shuwayt lọ bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ bá kùnà, àwọn Shuwayt yóò wọ irà. Wọ́n sì ti mọ erékùṣù tí Mizhir wà.

Bí wọ́n ti fẹ́ sọdá afárá lọ́jọ́ jímọ̀ náà, ọkọ̀ dúdú márùn-ún dé. Dókítà Nizar fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ àti oníkámẹ́rà kan.

"Ìyá wa!" ó ní fún Fakriya. "Ẹ̀jẹ̀ yín ni ẹ̀jẹ̀ wa. Mo ti wá síwájú."

"Síwájú ta ni?" ni Fakriya béèrè.

Sayyid Jawad fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dókítà, ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbọn wọ̀nyí dúró síta. Kí gbogbo yín sì gbọ́: kọfí tí wọ́n bá gbé fún wa, ilẹ̀ ni ká gbé e kalẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ètè kàn án kí wọ́n tó gbà fún wa. Kọfí tí a kò mu ni ẹ̀bẹ̀ wa. Ẹni tó bá mu ún ti sọ pé òun ò ní ohun tí òun ń tọrọ."

Gbogbo ènìyàn gbọ́. Dókítà Nizar ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Àwọn ọkùnrin wọ ilé àlejò, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n fi ìdìpọ̀ esùsú tẹ̀ bí ọrun. Fakriya gba ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, sínú ilé Nashmiya tó kọjú sí gbọ̀ngàn náà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dìde kí i.

Nashmiya nìkan ló sọ̀rọ̀. "Ìyá Mizhir. O wá."

"Mo wá, Ìyá Gadban. Ojú tì mí, mo sì wá."

"Dókítà ilé ìwòsàn bi mí pé ṣé kóun gbé ojú náà fún mi. Ó wà nínú ìgò." Nashmiya ń bu kọfí látinú kẹ́tù. "Mo sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá mi. Ìyá mi yẹn tí ọmọ rẹ bú. Ṣé o mọ̀ pé òun ló fi aṣọ bò ọ́ lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú ọkọ rẹ dé?"

"Mo mọ̀. Òun ló fi okùn di ikùn mi kí oyún má baà wálẹ̀." Fakriya gba ife pẹ́ńpẹ́ náà, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní níwájú orúnkún rẹ̀. "Oyún yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ wá. N kò ní mu kọfí rẹ, Nashmiya, títí wàá fi gbọ́ mi."

"Ì bá dára kí Ìyá àgbà jẹ́ kó wálẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wí.

"Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ panu mọ́," ni Nashmiya wí, láìwo ẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni ariwo sọ lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Dókítà Nizar jókòó sí ipò iwájú, ibi tó yẹ Sayyid, kí kámẹ́rà lè rí i. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni kọfí kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oòrùn mú, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ọkàn rẹ̀ wà lára kámẹ́rà. Ó gba ife, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní: "Ẹ ṣeun, ó dùn!"

Ṣéìkì Mutlag, olórí àwọn Shuwayt, wò ó títí. "Ó ti mu ún," ó ní. "Àlejò wa ò ní ẹ̀bẹ̀ kankan. Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn."

"Kì í ṣe òun ni olórí wa!" ni Sayyid Jawad kígbe.

"Ipò olórí ló jókòó sí. Ẹnu olórí ló fi mu ún."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Dókítà Nizar ń béèrè. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n mu òmíràn ni?"

Gadban dìde pẹ̀lú báńdéèjì rẹ̀. Ó gbá a létí débi pé awò ojú rẹ̀ balẹ̀ sínú iná kọfí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rọ́ wọlé láti ìta, àwọn géńdé Shuwayt pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí ìbọn fọ́ àgbọ̀n ẹ̀ṣọ́ kan, ehín rẹ̀ dà sórí ẹní bí àgbàdo. Wọ́n tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ gún un níhà, a ń gbọ́ bí egungun ti ń kán. Oníkámẹ́rà sá gba ara ògiri esùsú jáde. Ìbọn dún, ọta lu òrùlé, eruku ọlọ́jọ́ pípẹ́ bò wọ́n lórí. Láwàní Sayyid Jawad já bọ́, orí rẹ̀ tó funfun bí ẹyin ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ó di inú irà!" ni Gadban ń kígbe. "Ẹ kó sínú ọkọ̀! Ó di inú irà!"

Fakriya gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó jáde láìwọ bàtà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ gba àgbàlá kọjá kó má baà dà á. Géńdé kan dínà fún un.

"Obìnrin kì í wọbẹ̀! Ẹ padà!"

"Yà fún mi, ọmọ."

Géńdé náà yí ìbọn, ó fi ìdí rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Ètè rẹ̀ là, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan. Kọfí fì, ó fì, díẹ̀ ta sí i lọ́wọ́. Èyí tó kù kò dà. Ó dìde. Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún gbé ìbọn sókè, ọwọ́ kan dì í mú láti ẹ̀yìn. Nashmiya ni.

"Tún nà án," ni Nashmiya wí, "kí n gbọ́ pé èmi ni mo tọ́ ọ."

Bí obìnrin méjèèjì ti wọlé, ìjà náà dẹwọ́, nítorí ìyàlẹ́nu ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Fakriya rìn láàárín àwọn tó dùbúlẹ̀. Ó gbé ife kalẹ̀ níwájú Ṣéìkì Mutlag. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sétí ife náà.

"Kọfí ilé yín nìyí," ó ní. "N kò tíì mu ún. Ẹ̀bẹ̀ mi ṣì wà nínú rẹ̀."

Ariwo tún sọ. "Kọfí obìnrin!" "Kọfí obìnrin kì í ṣe kọfí!" "Kọfí ẹ̀yìnkùlé!" "Láti ìgbà wo?" Àwọn Fandi ní kọfí ni. Àwọn Shuwayt ní kì í ṣe kọfí. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbọ̀ngàn esùsú náà di Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀, etí kan ò gbọ́.

Nashmiya dúró láàárín wọn. "Omi kànga kan náà ló wà nínú rẹ̀. Iná kan náà ló sè é. Èmi tí mo bí ojú tó fọ́ ni mo bù ú. Ṣéìkì, bí kì í bá ṣe kọfí, ẹ sọ fún mi pé láti ogójì ọdún, omi ìdọ̀tí ni mò ń bù fún àlejò yín."

"Màmá!" Gadban fi ọwọ́ kan báńdéèjì rẹ̀. "Ojú mi ńkọ́?"

"Ojú rẹ ti wà nínú ilẹ̀, ọmọ mi. N kò fẹ́ ti èkejì lọ síbẹ̀. Wọn ò ní yé yìnbọn padà."

Ṣéìkì Mutlag wo ẹ̀jẹ̀ tó wà létí ife. Ẹni tí ìhà rẹ̀ kán ń kérora lábẹ́ òpó. Nígbà tí Ṣéìkì sọ̀rọ̀, Fakriya nìkan ló ń wò.

"Kọfí ni," ó ní. "A gbà fún ọ. A ò ní pa á. Ṣùgbọ́n gbọ́ iye rẹ̀ kí o tó mu ún. Kí àláásárì tó tó lónìí, kí Mizhir fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí Gadban bá ń mí, kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ sí i mọ́. Ì báà ṣe ọdún, ì báà ṣe ìnáwó, ì báà ṣe òkú. Ọjọ́ tí a bá rí i níbí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di omi, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè. Bí o bá gbà, mu ún. Bí o kò bá gbà, dà á sílẹ̀, ká máa lọ sínú irà."

Gadban kéré sí Fakriya ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Géńdé ni, ara rẹ̀ le. Fakriya mọ̀ pé òun kò lè pẹ́ jù ú láyé.

Ó ní "Bisimilái." Ó mu ún. Ó ti tutù, ó korò, ó ní iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ nínú. Ó mi ife náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò fẹ́ mọ́, ó sì dá a padà sí ọwọ́ Nashmiya.

Níta, Dókítà Nizar, tí etí kan ti wú, fà á láṣọ. "Ìyá, ṣé a borí?"

Fakriya já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin dìbò pé ìdáhùn mínísítà tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ẹgbẹ́ Àtúnṣe náà dìbò sí i, wọ́n sì fún Dókítà Nizar ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí orúkọ rẹ̀ gùn. Kò sí ẹni tó wá yọ àwòrán kúrò lára òpó iná.

Lọ́jọ́ tó mu kọfí náà gan-an, ọkọ̀ Sayyid Jawad gbé Fakriya lọ sí etí irà. Wọ́n ti mú Mizhir jáde, ó jókòó lórí ọkọ̀ ọpọ́n, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tí kò ní ehín méjì mọ́ wú. Ó rí ètè ìyá rẹ̀, ó dìde.

"Ta ló ṣe yín báyìí, Mama? Ta ni?"

"Jókòó." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ibtihal yóò bá a lọ bí itan rẹ̀ bá jinná. Ní Basira, ìbátan kan wà. Kó kí ìrun rẹ̀ lásìkò. Kó máa jẹun.

Mizhir ń ṣírò ọdún, Fakriya rí i lójú rẹ̀. "Gadban ò tíì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n," ó ní. "Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, Mama?"

"Mo mu ún."

"Bí ẹ bá kú ńkọ́? Ta ni yóò gbé yín sí sàréè? Èmi nìkan lẹ bí."

"Ìyẹn náà wà nínú ife," ni Fakriya wí. Ó fi apá rẹ̀ tí iná ti jẹ ti ọkọ̀ náà sínú omi.